Kọ́ìnì ò ní ìrántí, páàkì Whot ló ní: bí a ṣe ń ka ìṣeéṣe

Okun o, gbogbo ilé. Àsìkò kajú la wà yìí, àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ní Kabba níbí ò sì fẹ́ gbọ́ nǹkan kan tó ń jẹ́ mátíìsì mọ́. Gbogbo wọn ló ní kóró kajú lápò, tí iná bá ti lọ báyìí (ìgbà wo ló tiẹ̀ dé?) wọ́n á gbé páàkì Whot síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa fi kajú ta á. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì wọ́n, àbúrò mi ń ju kọ́ìnì kí wọ́n lè mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣeré, ni hẹ́ẹ̀dì bá já lẹ́ẹ̀marùn-ún léra wọn, ló bá kọjú sí mi, ó ní "bọ̀ọ̀dá, ẹ fi ogún kajú lélẹ̀, téèlì ló kàn báyìí, kò sí bó ṣe fẹ́ ṣe é". Mo ní kò kan téèlì kankan. Ó ní ó kàn án. Iyàn yẹn la jà títí ilẹ̀ fi ṣú, òun náà ló sì jẹ́ kí n kọ èyí, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó gba A nínú mátíìsì gan-an ò mọ ohun tó dé bá kọ́ìnì yẹn.

Ẹ wá páàkì Whot kan, kọ́ìnì méjì tí wọn ò jọra, ìwé àti bírò. Kọ́ìnì ló máa le jù láti rí. Ọdún 2007 ni báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa tún gbé 50 kọ́bọ̀, náírà 1 àti náírà 2 onírin jáde, àmọ́ ẹ mú u lọ sọ́jà lónìí kẹ́ ẹ wo ojú tí ìyá alátà máa fi wò yín. Inú àpótí ìyá wa àgbà la ti rí tiwa, náírà 1 tí Herbert Macaulay wà lára ẹ̀, àti 50 kọ́bọ̀ tí wọ́n ya àgbàdo sí. Ibi tí Macaulay àti àgbàdo wà la pè ní hẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn ẹ̀ la pè ní téèlì. Ẹ fẹnu kò lórí ìyẹn kí eré tó bẹ̀rẹ̀ o, torí mo ti rí ibi tí wọ́n ti jù ú tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé èwo ni hẹ́ẹ̀dì.

Òfin tó gbé ìṣeéṣe (probability, ìyẹn ṣáǹsì pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀) dúró ò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ka iye ọ̀nà tí ohun tẹ́ ẹ ń wá lè gbà ṣẹlẹ̀, ẹ wá pín in pẹ̀lú iye gbogbo ọ̀nà tó wà. Kọ́ìnì ní ojú méjì, hẹ́ẹ̀dì jẹ́ ọ̀kan, torí náà 1 nínú 2, ìdajì nìyẹn. Èsì ẹ̀ ò lè kéré sí 0, kò sì lè ju 1 lọ. 0 ni ohun tí ò lè ṣẹlẹ̀ láéláé, bíi kéèyàn fa 6 jáde nínú Whot, torí kò sí 6 níbẹ̀, ẹ lọ wò ó, kò sí 9 náà. 1 ni ohun tó dájú bí ikú. Ọmọ tó bá kọ 7/5 wá fún mi pé ìṣeéṣe nìyẹn, mi ò kí ń wo ìyókù iṣẹ́ ẹ̀ rárá, mo máa ń fi bírò pupa fa á látòkè délẹ̀ ni.

Òfin yẹn ní májẹ̀mú kan tí wọ́n sábà máa ń fò: gbogbo ọ̀nà tẹ́ ẹ kà yẹn gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí ìkan má lágbára ju ìkan lọ. Ẹ mú ìdérí ìgò mínírà, ẹ jù ú sókè bíi kọ́ìnì. Òun náà lójú méjì, ó lè da ojú délẹ̀, ó lè ṣíjú sókè, àmọ́ ẹ ò lè tìtorí ìyẹn sọ pé 1 nínú 2 ni, torí apá kan ẹ̀ jinnú, eyín wà létí ẹ̀ yí ká, kò rí bákan náà lójú méjèèjì. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe fún irú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jù ú nígbà 100, kẹ́ ẹ máa fa igi sínú ìwé, iye tó bá ṣíjú sókè nínú 100 yẹn lẹ máa fi ṣe òṣùwọ̀n. Tó bá jẹ́ 200 lẹ jù, ó tún dára sí i. Ó ń gba sùúrù, lóòótọ́, àmọ́ iná ò kúkú sí, kí lẹ fẹ́ ṣe?

Káàdì náà bẹ́ẹ̀. Páàkì Whot wa àtijọ́, ewúrẹ́ ló jẹ tiráyángù 11 inú ẹ̀, a wá gé páálí bisikí kan, a ya tiráyángù sí i, a kọ 11. Gbogbo ilé ló mọ páálí yẹn láti ẹ̀yìn! Tó bá ti wà lókè máàkẹ́ẹ̀tì (òkìtì káàdì tó dojú délẹ̀ tá a ti ń fà), kò sẹ́ni tí ò mọ̀, ẹni tí ò bá fẹ́ ẹ á dọ́gbọ́n má lọ sí máàkẹ́ẹ̀tì lásìkò yẹn. Ìṣirò ò lè bá irú páàkì bẹ́ẹ̀ ṣe. Tuntun la rà.

Tẹ́ ẹ bá ti ní tuntun, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹní, ẹ kà á. 54 ló máa jẹ́. Ṣákù (òbìrìkìtì) 12, tiráyángù 12, kúróòsì 9, súkúwẹ̀ 9, ìràwọ̀ 7, àti Whot tí wọ́n kọ 20 sí, márùn-ún. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Whot ju káàdì òyìnbó lọ nìyẹn, kò pín dọ́gba, èèyàn gbọ́dọ̀ ronú. Ṣáǹsì pé káàdì àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ fà máa jẹ́ ṣákù, 12 nínú 54, ó lé díẹ̀ ní 22 pásẹ́ǹtì. Ìràwọ̀ jẹ́ 7 nínú 54, bíi 13 pásẹ́ǹtì. Ẹ wá tò wọ́n nípa nọ́ńbà dípò àwòrán, ẹ máa rí i pé pík tù (2) jẹ́ márùn-ún torí gbogbo àwòrán ló ní in, 14 tó ń kó gbogbo ayé lọ sí máàkẹ́ẹ̀tì jẹ́ mẹ́rin torí ìràwọ̀ ò ní, 8 jẹ́ mẹ́ta péré, 12 sì jẹ́ méjì, ṣákù àti tiráyángù nìkan. Ẹni tó ti ń ta Whot látọjọ́ tó ti dáyé lè má mọ èyí.

Níbí ni "tàbí" ti máa ń da àwọn ọmọ láàmú. Kí ni ṣáǹsì pé káàdì tẹ́ ẹ fà máa jẹ́ ṣákù tàbí kó jẹ́ 2? Wọ́n á sáré ro 12 mọ́ 5, wọ́n á ní 17 nínú 54. Ẹ kó wọn jọ sójú kan kẹ́ ẹ kà á, 16 lẹ máa bá. Ibo ni ìkan lọ? Ṣákù 2 ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì, ó wà lára ṣákù, ó tún wà lára 2. Èèyàn tó jẹ́ ọmọ Iyara níhà bàbá, tó tún jẹ́ ọmọ Mopa níhà ìyá, tẹ́ ẹ bá ń ka orí níbi ìnáwó, ẹ ò ní ka á sí ẹni méjì. Torí náà ẹ ro méjèèjì pọ̀, ẹ wá yọ àwọn tó wà níbi méjèèjì kúrò lẹ́ẹ̀kan: 12 + 5 − 1, ó jẹ́ 16/54, tẹ́ ẹ bá gé e kù 8/27.

Ìdánwò ò ní béèrè Whot lọ́wọ́ yín ṣá o, káàdì òyìnbó ni wọ́n máa béèrè, ó sì ń bí mi nínú, torí ọmọ tó wà ní Isanlu tàbí Egbe lè parí sẹ́kọ́ńdìrì kó má fojú kan páàkì yẹn rí, wọ́n á ní kó wá ìṣeéṣe "king" nínú ẹ̀. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ fún wọn: 52 ni, oríṣi mẹ́rin (spade, club, heart, diamond), oríṣi kọ̀ọ̀kan ní 13, heart àti diamond pupa, méjì tó kù dúdú, torí náà pupa 26, dúdú 26. Ace mẹ́rin, king mẹ́rin, queen mẹ́rin, jack mẹ́rin. Ó parí. "King tàbí heart" wọn yẹn, 4 + 13 − 1, ó jẹ́ 16/52, ìyẹn 4/13. Irú kan náà ni pẹ̀lú ṣákù tàbí 2 tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kọ́ìnì. Ẹ ju náírà àti kọ́bọ̀ pọ̀. Ọ̀nà mélòó ló wà? Ọmọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá máa ń sọ fún mi pé mẹ́ta: hẹ́ẹ̀dì méjì, téèlì méjì, tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á wá ní ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ 1 nínú 3. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ wá kọ́ìnì tí ò jọra gan-an nìyí. Kí náírà já hẹ́ẹ̀dì kí kọ́bọ̀ já téèlì, ìyẹn ọ̀tọ̀, kí náírà já téèlì kí kọ́bọ̀ já hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn náà ọ̀tọ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni, méjì nínú ẹ̀ ló jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdajì nìyẹn. Kò yẹ kójú ti ẹni tó bá ṣì í o. Ọ̀gá onímátíìsì ará Faransé kan, d'Alembert, kọ irú àṣìṣe yìí sínú ìwé lọ́dún 1754, ó ní téèyàn bá ju kọ́ìnì lẹ́ẹ̀mejì, ṣáǹsì pé ó máa rí hẹ́ẹ̀dì, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan, jẹ́ 2 nínú 3. Ohun tó rò ni pé tí hẹ́ẹ̀dì bá ti já lẹ́ẹ̀kíní, kí lèèyàn tún ń jù ú fún, eré ti tán, torí náà ọ̀nà mẹ́ta ló kù. Ó gbàgbé pé ọ̀nà mẹ́ta yẹn ò dọ́gba. 3 nínú 4 ni.

"Ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan" yìí ní ọ̀nà ẹ̀bùrú tó dùn. Ẹ má ka ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ka ohun tẹ́ ò fẹ́, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 1. Tẹ́ ẹ bá ju kọ́ìnì lẹ́ẹ̀mẹrin, ọ̀nà kan péré ló wà tẹ́ ò fi ní rí hẹ́ẹ̀dì kankan, ìyẹn kí gbogbo ẹ̀ já téèlì, ½ × ½ × ½ × ½, 1 nínú 16. Torí náà ṣáǹsì pé ẹ máa rí ó kéré tán ìkan jẹ́ 15 nínú 16.

16 yẹn, ẹni tó bá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlagbà tó ń da obì aláwẹ́ mẹ́rin ti rí i tipẹ́, bóyá kò mọ̀ ni. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú tàbí kó dojú dé: kí gbogbo ẹ̀ ṣíjú, ọ̀nà 1, mẹ́ta ṣíjú, ọ̀nà 4, méjì-méjì, ọ̀nà 6, ìkan ṣoṣo, ọ̀nà 4, kí gbogbo ẹ̀ dojú dé, ọ̀nà 1. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú 8, ẹ sọ 2 di púpọ̀ nígbà mẹ́jọ, ẹ máa bá 256, iye odù nìyẹn. Àwọn bàbá wa ti ka ọ̀nà tán kí bírò tó dé. Àmọ́ ẹ rántí ìdérí mínírà: inú awẹ́ obì àti ẹ̀yìn ẹ̀ ò rí bákan náà, torí náà iye ọ̀nà ni 16 yẹn jẹ́, n ò sọ pé wọ́n dọ́gba o. Ohun tí obì ń sọ, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ mi.

Ó yá, iyàn èmi àti àbúrò mi. Kí hẹ́ẹ̀dì já lẹ́ẹ̀marùn-ún tẹ̀léra, ½ nígbà márùn-ún, 1 nínú 32. Ó ṣọ̀wọ́n díẹ̀, òótọ́ ni. Kó já lẹ́ẹ̀mẹfà, 1 nínú 64, ó tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí àbúrò mi ń wò nìyẹn, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹfà le gan-an, torí náà téèlì máa já. Ṣé ẹ rí ibi tó ti ṣìnà? Márùn-ún àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, a ti rí i, kì í ṣe nǹkan tá à ń retí mọ́. Ẹyọ kan péré ló kù tá ò tíì mọ̀, irin kékeré yẹn ò sì mọ ohun tó ti já sẹ́yìn, kò ní ìwé tó ń kọ ọ́ sí, ojú kò tì í. Hẹ́ẹ̀dì ½, téèlì ½. Ẹni tó ń jókòó sí ilé bẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé "nọ́ńbà yìí ò tíì jáde látàná, ó ti kàn án", àìsàn kan náà ló ń ṣe é.

Ó wá bi mí, "tí kọ́ìnì ò bá rántí, báwo ló ṣe máa ń padà sí ìdajì?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì yìn ín. John Kerrich, onímátíìsì kan láti South Africa, há sí Denmark nígbà ogun àgbáyé kejì, wọ́n tì í mọ́lé, kò rí nǹkan ṣe, ó ju kọ́ìnì nígbà 10,000. Hẹ́ẹ̀dì já nígbà 5,067. Ẹ wò ó dáadáa, ó fi 67 ju ìdajì lọ, kọ́ìnì ò sì wá téèlì 67 wá dí i. Àmọ́ 67 nínú 10,000, kí ni ìyẹn jẹ́? Kò tó ìka kan nínú igbá gàrí. Kọ́ìnì ò ṣàtúnṣe kankan, iye tó ń pọ̀ sí i ló ń jẹ́ kí ìyàtọ̀ yẹn rí kékeré.

(Ẹ jẹ́ kí n fi èyí sí i: lọ́dún 2023 àwọn olùwádìí kan ju kọ́ìnì nígbà 350,757, wọ́n rí i pé ojú tó wà lókè kí wọ́n tó jù ú ló tún máa ń wà lókè tó bá balẹ̀, ní bíi 50.8 nínú 100. Kò tó ohun tá à ń jà sí, àmọ́ ẹni tó bá ń jù ú fún yín, kó fi ọwọ́ bò ó kẹ́ ẹ tó mú.)

Whot ló ní ìrántí. Káàdì tó bá ti jáde ti jáde nìyẹn, èyí tó kù á yí padà. Ẹ fi káàdì òyìnbó gbọ́ ọ kíákíá: ace méjì tẹ̀léra láìdá àkọ́kọ́ padà, 4/52 × 3/51, ó jẹ́ 1 nínú 221. Tẹ́ ẹ bá dá a padà tẹ́ ẹ tún pò ó kẹ́ ẹ tó fa èkejì, 4/52 × 4/52, 1 nínú 169. Nínú ìdánwò, ẹ wá ọ̀rọ̀ "replacement" kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan bírò.

Báyìí, èmi àti àbúrò mi la jọ ń ta, a pín mẹ́fà-mẹ́fà, ìkan wà nílẹ̀, 41 wà ní máàkẹ́ẹ̀tì. 14 kan wà lọ́wọ́ mi, kò sí 14 nílẹ̀. Kí ni ṣáǹsì pé káàdì tó wà lókè máàkẹ́ẹ̀tì jẹ́ 14? Mẹ́ta ló kù, ìyẹn ò ṣòro. Àmọ́ mẹ́ta nínú mélòó? Ọ̀pọ̀ máa ní 41, torí 41 ló wà ní máàkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá 14 kan wà lára mẹ́fà ọwọ́ ẹ̀. Lójú tèmi, káàdì tí mi ò tíì rí ló ṣe pàtàkì, tọwọ́ ẹ̀ àti ti máàkẹ́ẹ̀tì lápapọ̀, 54 − 6 − 1, ó jẹ́ 47. Torí náà 3 nínú 47, bíi 6 pásẹ́ǹtì. Òun náà tó jókòó sí ìhà kejì, tí kò bá ní 14 kankan, á ka mẹ́rin nínú 47. Káàdì kan náà, ìṣeéṣe méjì, kò sì sẹ́ni tó purọ́ nínú wa, ohun tí kálukú rí ló yàtọ̀.

Nígbà tó dé ìparí eré, ó ní "lásìkáàdì!", ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Whot 20 wà lọ́wọ́ mi, mo lè pe àwòrán tó bá wù mí. Mo ti ń fọkàn ka ohun tó ń jáde (ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ nìkan, méje péré ni, tó bá mọ́ yín lára ẹ wá fi súkúwẹ̀ kún un). Ogún káàdì ni mi ò tíì rí: ṣákù 6, tiráyángù 5, kúróòsì 3, súkúwẹ̀ 3, ìràwọ̀ 1, Whot 2. Tí mo bá pe ṣákù, ó máa jáde tó bá ní ṣákù tàbí Whot, 8 nínú 20, 40 pásẹ́ǹtì. Tí mo bá pe ìràwọ̀, 1 + 2, 3 nínú 20, 15 pásẹ́ǹtì péré. Lọ́dọ̀ tiwa wọ́n gbà kéèyàn fi Whot jáde, tẹ́ ò bá gbà á níbi tẹ́ ẹ ti ń ta, ẹ yọ 2 yẹn kúrò lókè, ìràwọ̀ á di 1 nínú 20. Ẹ tún máa fojú sí ohun tó ti ṣe ṣáájú. Ẹni tẹ́ ẹ pe tiráyángù fún lẹ́ẹ̀kan tó lọ sí máàkẹ́ẹ̀tì, kò ní tiráyángù lọ́wọ́ nígbà yẹn, káàdì ọwọ́ ẹ̀ kì í ṣe káàdì tí afẹ́fẹ́ kàn gbé wá mọ́. Tí máàkẹ́ẹ̀tì bá sì tán, tí wọ́n kó èyí tó wà nílẹ̀, tí wọ́n pò ó, tí wọ́n dà á dé padà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kà ti wọ omi, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí tọwọ́ yín.

Mo da Whot mi sílẹ̀, mo fi ọ̀yàyà sọ pé ìràwọ̀ ni mo fẹ́. Àbúrò mi wo káàdì ọwọ́ ẹ̀, ó wo ojú mi, ó wá rọra tẹ́ káàdì ẹ̀ sílẹ̀. Ìràwọ̀ 4. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nínú gbogbo páàkì, ọwọ́ ẹ̀ ló wà. Ó kó ogún kajú mi, ó ní "bọ̀ọ̀dá, ẹ tún kà á".